Ìràwọ̀ Inú Àpótí Màmá Àgbà

Àárọ̀ yìí ni màmá àgbà ní kí n bá àwọn wá aṣọ òfì nínú àpótí wọn n'Ísàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òṣogbo níbí. Ohun tí ọwọ́ mi bà ni ìràwọ̀ onírin kan tó ní ṣóńṣó mẹ́fà, tó ń rùn bíi káńfọ̀. "Burma Star" ni wọ́n kọ sí i, àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n fún àwọn ọmọ ogun tó jà ní Burma nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Ti bàbá àgbà ni! Mo yí i síwá sẹ́yìn, n ò rí orúkọ wọn. Adé ọba Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ó dùn mí, n ò ní purọ́ fún yín.

Màmá ní 11 oṣù kọkànlá ni bàbá máa ń fi í sáyà. Lẹ́yìn ogun Bìáfírà tó parí ní 1970 ni ìjọba sún ọjọ́ ìrántí àwọn ológun sí 15 oṣù kìíní.

Ta ló tún ní irú rẹ̀ nílé? Ṣé orúkọ wà lára tiyín?