Ọdún Tí Mo Mọ Ìtàn Bọ́ọ̀sì Tí Mò Ń Wọ̀

Ẹ kú ìmúra ọdún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ohun mẹ́ta ni mo kọ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ní oṣù Kìíní: kí n gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀, kí n fowó pamọ́, kí n máa mú ọmọ mi jáde lọ́jọ́ Sátidé. Ìdánwò ìwakọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fìdí rẹmi. Ti owó, ẹ má bi mí. Ìkẹta ni mo wá sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ìlú Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì là ń gbé. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mò ń wọ bọ́ọ̀sì lọ tọ́jú àwọn arúgbó ní ìdájí, n kò sì mọ̀ pé nígbà kan, àyè àtiwọ̀ ọ́ wà fún àwa adúláwọ̀, àyè àtigbowó ọkọ̀ tàbí àtiwà á ni kò sí. Lọ́dún 1955, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ fúnra wọn ló fẹnu kò pé àwọn ò fẹ́ adúláwọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ o! Ní 1963, Paul Stephenson, adúláwọ̀ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́, fi fóònù bá Guy Bailey, ọmọ ọdún 18, gba ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Bí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ṣe gbọ́ pé ọmọ West Indies, àwọn erékùṣù Caribbean, ni, wọ́n fagi lé e. Làwọn èèyàn bá kẹ̀yìn sí bọ́ọ̀sì láti òpin oṣù Kẹrin títí di 28 oṣù Kẹjọ, tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fi gbà. Ní oṣù Kẹsàn-án, Raghbir Singh, ọmọ Sikh, di kọ̀ndọ́kítọ̀ àkọ́kọ́ tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun.

Ère Edward Colston, oníṣòwò ẹrú, tí wọ́n tì sómi ní Bristol níbí ní 2020, gbogbo ayé ti gbọ́ ìyẹn. Ena Hackett ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Ní 1962, obìnrin yìí wá iṣẹ́ kọ̀ndọ́kítọ̀, ó kúnjú ìwọ̀n, wọn ò gbà á. Ọkọ rẹ̀, Roy, wà lára àwọn tó ṣáájú ìjà ọdún kejì. Àwòrán Roy wà lára ògiri ilé ní St Pauls, àdúgbò kan ní Bristol, ó tóbi gan-an. A lọ wò ó, èmi àtọmọ mi, òjò sì pa wá. Méje ni àwọn àwòrán náà, obìnrin adúláwọ̀ kan, Michele Curtis, ló yà wọ́n. Obìnrin wà nínú wọn, bíi Carmen Beckford, nọ́ọ̀sì ọmọ Jàmáíkà. Ti Ena ò sí níbẹ̀.

Mo ròyìn fún bàbá mi lórí fóònù. Ó ní, "Bristol t'Èkó ńkọ́?" Mo rò pé àwàdà ni. Àṣé ní 1947, Bristol Hotel l'Èkó kọ̀ láti gba Ivor Cummings sílé nítorí àwọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni! Àwọn ará Èkó fárígá, ìjọba sì ní kí irú rẹ̀ dópin. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Cummings yìí kan náà ló lọ pàdé àwọn ọmọ West Indies tó bá ọkọ̀ ojú omi Windrush dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìyá àgbà kan tí mò ń tọ́jú ní òun rántí ìgbà tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ ní 1963. Mo ti ra ìwé àkọsílẹ̀ tí n ó fi kọ ìrántí ìyá náà. Bí ọdún bá yí, Sátidé àkọ́kọ́, èmi àtọmọ mi ń lọ jókòó tì wọ́n. Bọ́ọ̀sì náà la máa wọ̀.