Ẹ̀bùn fún bàbá tí inú ń dà láàmú

Ọjọ́ Àìkú kẹta nínú oṣù kẹfà ni ọ̀pọ̀ ìjọ wa máa ń ṣe Ọjọ́ Àwọn Bàbá. Bó bá ti ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì Àkúrẹ́ á ti kó hámpà síta, láti Alágbàká títí dé òpópónà Ọba Adéṣidà: ìgò wáìnì, jùúsì ọsàn, ṣokoléètì, kọfí. Bí mo bá ń lọ ra òwú àti bọ́tìnì lọ́jà Ọba, mo máa ń wo àwọn agbọ̀n wọ̀nyẹn, bàbá mi ni wọ́n sì máa ń mú wá sí mi lọ́kàn. Kò sí èyí tí wọ́n lè jẹ tàbí mu nínú rẹ̀ kí wọ́n tún rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Oǹdó ni bàbá mi ń gbé. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ó ti pẹ́ tí inú ti ń dà wọ́n láàmú. Bí wọ́n bá jẹun tán, inú á wú, wọ́n á máa gùfẹ̀, omi kíkan á ti ikùn gòkè wá sí ọ̀fun, àyà á sì máa ta wọ́n bí ẹni tí wọ́n fi ata ra ojú egbò rẹ̀. Dókítà ti sọ pé ọgbẹ́ wà nínú ikùn wọn, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ọ́lsà. Ìgbẹ́ náà tún máa ń há. Aránṣọ ni mí ní Òkè-Arọ̀, àwọn oníbàárà mi tó mọ̀ nípa bàbá mi sì máa ń bi mí léèrè pé, "Àǹtí, inú bàbá tèmi náà ò dáa, kí ni kí n rà fún wọn?" Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ẹ̀bùn tó yẹ irú bàbá bẹ́ẹ̀ ni èyí tó máa jẹ́ kí wọ́n lè bá ẹbí wọn jẹun, kí wọ́n lọ sóde, kí wọ́n sùn, láìsí pé gbogbo ojú ń wò wọ́n bí aláìsàn. Àìsàn inú máa ń bu iyì àgbàlagbà kù. Ọ̀rọ̀ gùfẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ kì í ṣe ohun tí bàbá ń bá ọmọ rẹ̀ sọ. Àwa tá a mọ̀ ọ́n ló yẹ ká ṣe é fún wọn láìjẹ́ kí wọ́n tọrọ rẹ̀.

Àsun ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mọ Oǹdó ti mọ àsun: ẹran ewúrẹ́ tí wọ́n fi iná yan, tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n wá fi ata rodo àti àlùbọ́sà yí. Kò sí ayẹyẹ wa kan tí kì í sí níbẹ̀, pàápàá nígbà ọdún Èkìmọ̀gún tí gbogbo ọmọ ìlú máa ń wálé. Ṣùgbọ́n ata rodo máa ń ta ibi tó ti bó nínú ikùn, ọ̀rá ẹran sì máa ń pẹ́ níbẹ̀ kó tó lọ, tí omi kíkan á fi máa ráyè gòkè. Nítorí náà, ìyá mi a máa gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bíbọ̀ tàbí iṣu fún bàbá mi lọ́tọ̀, nígbà tí àwa tó kù ń ya ẹran. Ìfẹ́ ni ìyá mi fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n mo máa ń rí ojú bàbá mi. Wọ́n á jẹ díẹ̀, wọ́n á ní àwọn fẹ́ lọ gbatẹ́gùn níta.

Itan ewúrẹ́ ni mo rà lọ fún wọn lọ́dún tó kọjá. Mo yọ gbogbo ọ̀rá ara rẹ̀, mo yan án, mo wá sè é díẹ̀ lẹ́yìn tó yan tán kó lè rọ̀, torí ẹran líle náà máa ń fi ikùn ṣiṣẹ́. Tàtàsé tí mo ti yọ hóró inú rẹ̀ ni mo fi dá a láwọ̀, pẹ̀lú àlùbọ́sà tí mo ti fi òróró ìwọ̀nba dín títí ó fi rọ̀. Tàtàsé kì í ta bàbá mi nínú; ó lè ta bàbá tiyín, ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó sè é. Inú ọpọ́n kan náà ni gbogbo wa ti jẹ ẹ́. Abọ́ kékeré ni mo fi gbé ata rodo fún ẹni tó bá fẹ́. Ata ni mo yà sọ́tọ̀, n kò ya bàbá mi sọ́tọ̀. Wọ́n jókòó tì wá títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n ń sọ ìtàn àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ìwé mẹ́fà.

Èyí tó gba owó jù ni àyẹ̀wò. Bàbá mi gbà pé ìrònú àti ebi ló fa ọ́lsà àwọn, nígbà tí wọn kì í tètè san owó oṣù tíṣà, tí wọ́n á fi omi lásán lọ sí kíláàsì. Àwọn dókítà àgbáyé náà ti gbà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, pé ìrònú àti omi kíkan inú ló ń dá ọgbẹ́ sí ikùn. Ní ọdún 1982, dókítà méjì ní ìlú Perth lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, Barry Marshall àti Robin Warren, rí kòkòrò kan tó ń gbé inú ikùn àwọn tó ní ọgbẹ́ yìí. Helicobacter pylori ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò gbà wọ́n gbọ́, débi pé ní ọdún 1984 Marshall fúnra rẹ̀ gbé kòkòrò náà mu, inú rẹ̀ sì dàrú. Ní ọdún 2005 ni wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel.

Kí ló kan bàbá mi nínú èyí? Ó kàn wọ́n gidi, torí kòkòrò ṣeé pa. Ìgbẹ́ tàbí èémí ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò láti mọ̀ bó bá wà níbẹ̀. Bó bá wà, oògùn apakòkòrò méjì ni wọ́n sábà máa ń pa pọ̀ mọ́ èyí tó ń dín omi kíkan kù, bíi omeprazole, tí aláìsàn á lò fún ọjọ́ 14 láìfò kankan. Ẹni tó bá ti ń lo omeprazole ní láti sọ fún dókítà ṣáájú, torí ó lè bo kòkòrò náà mọ́lẹ̀ nínú àyẹ̀wò. Wọ́n sábà máa ń ní kó dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo san owó àyẹ̀wò, mo sì bá wọn lọ. Nígbà tí dókítà ṣàlàyé èsì, bàbá mi kọjú sí mi, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, wọ́n ní kòkòrò ni. Kì í ṣe pé mo ti ń ronú jù." Mo rí i pé ẹrù kan sọ̀ kalẹ̀ lórí wọn, ẹrù tí èmi ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń rù.

Dókítà yẹn náà ló bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń lò sí orúnkún. Orúnkún ti ń dùn wọ́n, wọ́n sì máa ń ra oògùn ara ríro lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri. Ibuprofen, diclofenac àti aspirin máa ń ba ohun tó ń dáàbò bo ara ikùn jẹ́, àwọn náà sì lè dá ọgbẹ́ síbẹ̀. Wọ́n yí i padà sí parasitámọ̀ ní ìwọ̀nba tí dókítà kọ. Mo wá ra ọ̀pá ìtilẹ̀ fún wọn, onígi dáadáa tó ní rọ́bà nídìí. Orúnkún ni ọ̀pá náà ń ràn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n nítorí inú ni mo ṣe rà á. Bí ìrora bá dín kù, wọn ò ní máa wá oògùn kiri.

Ẹ má ra mílíìkì agolo jọ fún wọn nítorí ọ́lsà. Ó máa ń tu inú lára fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ikùn á tún pọ omi kíkan sí i. Àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ, ẹ fi í sílẹ̀ pátápátá.

Ọ̀rọ̀ oorun wá ńkọ́? Bí omi kíkan bá ń gòkè lálẹ́, ìrọ̀rí tí a tò lé ara wọn kò tó, torí ẹ̀yìn á tẹ̀, ikùn á sì fún pọ̀. Bẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀ ló yẹ kó ga níbi orí. Mo ní kí káfíńtà gé pákó méjì tó nípọn, tí gíga rẹ̀ tó ínǹṣì mẹ́fà, kó gbẹ́ àárín wọn kí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì lè jókòó síbẹ̀ láì yọ̀. Kò wọ́n rárá. Ká tún jẹ oúnjẹ alẹ́ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú àkókò àtisùn. Ní ilé wa, ìyá mi ló gba èyí rò: àwọn náà ti ń jẹ tiwọn láago mẹ́fà, àwọn méjèèjì jọ ń jẹun.

Káfíńtà yẹn náà ló kan àpótí kékeré tí wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ lé ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí orúnkún bá ga ju ìbàdí lọ, ìgbẹ́ á rọrùn láti yà. Mo kàn gbé e síbẹ̀ ni, mi ò sọ nǹkan kan. Ìbẹ́pẹ àti ẹ̀fọ́ ni mo máa ń fi ránṣẹ́ pẹ̀lú awakọ̀ tó ń ná Àkúrẹ́ sí Oǹdó.

Fún òde, mo ra fúláàsì oúnjẹ kékeré, mo sì fi èyí tó ṣẹ́kù lára aṣọ ẹbí rán àpò fún un. Àpò náà bá agbádá wọn mu. Wọ́n lè jókòó sídìí tábìlì àwọn àgbà, kí wọ́n bu oúnjẹ tiwọn sínú abọ́, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò jẹ ìrẹsì.

Gbogbo èyí wà fún ẹni tí dókítà ti rí. Bí bàbá bá ń ya ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, bí wọ́n bá bì ẹ̀jẹ̀, bí oúnjẹ ò bá gba ọ̀fun wọn kọjá mọ́, tàbí tí wọ́n ń rù láìnídìí, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé wọn lọ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀bùn tó wá láti ọwọ́ mi gan-an ni ṣòkòtò. Bàbá mi ò lè lọ ṣọ́ọ̀ṣì láìwọ ṣòkòtò òyìnbó pẹ̀lú bẹ́líìtì. Tíṣà ṣì ni wọ́n nínú ọkàn wọn. Bẹ́líìtì yẹn ló ń há ikùn mọ́, tó ń ti omi kíkan lọ sókè. N kò ní kí wọ́n wọ ṣòkòtò onírọ́bà tí gbogbo èèyàn á rí. Mo rán iwájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi ti ọ́fíìsì, pẹ̀lú síìpù, bọ́tìnì àti ojú ibi tí bẹ́líìtì ń gbà, mo wá fi rọ́bà rírọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nínú, níbi tí ẹ̀wù á ti bò ó. Wọ́n ṣì ń so bẹ́líìtì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kì í fún wọn mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ fún aránṣọ ní iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó wọn ìbàdí bàbá rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, nígbà tí inú ti wú, kì í ṣe láàárọ̀ kí wọ́n tó fẹnu kan nǹkan.