Kábúrétọ̀ Tó Tóbi Jù: Ẹ̀kọ́ tí Mo Kọ́ Lórí Òkè Ẹ̀fọ̀n

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ oní-V8 (ẹ́ńjìnì oní-sílíńdà mẹ́jọ), tí ẹ sì ń wà á lójú títì bí mo ti ń wa tèmi ní Adó-Èkìtì, ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí sí, nítorí ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: bí a bá ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kábúrétọ̀, ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnì, ni gbogbo ojú máa ń lọ bá, èyí tó bá sì tóbi jù ni wọ́n máa ń yìn. Mustang ọdún 1968 ni tèmi, ẹ́ńjìnì 302 (ìwọ̀n rẹ̀ ní cubic inch) ló wà nínú rẹ̀, jíà rẹ̀ sì jẹ́ ọtọmátíìkì. Ẹni tó tà á fún mi ti gbé kábúrétọ̀ oníhò mẹ́rin tó jẹ́ 750 (ìyẹn ni pé ó lè gba cubic foot afẹ́fẹ́ 750 kọjá ní ìṣẹ́jú kan) lé e lórí, irú èyí tó ní pọ́ǹpù méjì, tí ihò ẹ̀yìn rẹ̀ sì máa ń ṣí bí ẹsẹ̀ awakọ̀ bá ti tẹ tọ́tù jinlẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ẹ́ńjìnì ti ṣe tán láti gbà á tàbí kò tíì ṣe tán. Láti ọjọ́ tí mo ti rà á ni mo ti ń sọ pé mo fẹ́ yọ ọ́, ṣùgbọ́n mẹkáníìkì mi ní àwọn kan ń wá irú rẹ̀ kiri tí wọn kò rí.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà dùn mí jù ni ọjọ́ tí mo ń gbé màámi bọ̀ láti Iléṣà. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ìwaràjà sí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè mọ̀ pé òkè àti kọ́nà ló kún ibẹ̀. Tírélà kan tó ru sìmẹ́ńtì dúró níwájú wa níbi tí òkè ti ga gan-an, èmi náà sì dúró sẹ́yìn rẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán. Nígbà tí tírélà náà gbéra, mo tẹ tọ́tù kí n lè tẹ̀ lé e, ẹ́ńjìnì mí kanlẹ̀, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Kí n tó fa bíréèkì ọwọ́, ọkọ̀ ti ń padà sẹ́yìn, bọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn wa sì ń fọn fèrè kíkankíkan. Ọmọ ọkọ̀ bọ́ọ̀sì náà ló bẹ́ sílẹ̀ tòun ti igi wẹ́ẹ̀jì kan tí ọ́ìlì ti sọ di dúdú, tó sì ti igi náà bọ abẹ́ táyà ẹ̀yìn wa. Mo ń ṣíná, kò ṣiṣẹ́, òórùn bẹntiróòlù sì gba inú ọkọ̀ kan. Màámi kò pariwo. Wọ́n tún gèlè wọn wé, wọ́n mú báàgì wọn, wọ́n ní, “Ṣílẹ̀kùn fún mi.” Mo ní, “Màámi, ẹ dákun, ó máa ṣiṣẹ́ báyìí.” Wọ́n ní, “Bó bá ṣiṣẹ́, kí o máa bọ̀ wá bá mi nílé.” Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì náà lọ, dẹ́rẹ́bà fi wọ́n síwájú, èmi sì dúró ti ọkọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń yìn, tí àwọn ọmọdé ń bi mí bóyá kí wọ́n bá mi tì í. Ẹni tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí rí lè máa rẹ́rìn-ín nìṣó.

Ẹ́ńjìnì ló ń fa afẹ́fẹ́, kábúrétọ̀ kì í tì í wọlé fún un. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ sáré kọjá níbi tí ihò kábúrétọ̀ ti fún kí ó tó lè fa epo jáde. Àwa tí a fi pòòpó ìbẹ́pẹ mu ẹmu lọ́mọdé mọ̀ pé bí pòòpó bá ti fẹ̀ jù, ẹmu kì í gùn ún dé ẹnu bọ̀rọ̀; bẹ́ẹ̀ náà ni 750 ṣe rí lórí 302.

Ìṣirò ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnì ń fẹ́ kò le. Ẹ fi ìwọ̀n ẹ́ńjìnì sọ iye ìgbà tó lè yí ní ìṣẹ́jú kan di púpọ̀, kí ẹ pín in sí 3,456, nítorí pé cubic inch 1,728 ló wà nínú cubic foot kan, ẹ́ńjìnì sì gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀mejì kí gbogbo sílíńdà rẹ̀ tó mí tán. Tí 302 bá yí dé 5,500, ó jẹ́ nǹkan bí cubic foot 480 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ́ńjìnì ojú títì kì í sì mí kún tán, nítorí náà ẹ mú ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ó di nǹkan bí 408. Nígbà tó bá ń gbéra lórí òkè ní 1,500, kò ju bí 111 lọ. Kí ni 750 wá fẹ́ ṣe níbẹ̀? Kódà ẹ́ńjìnì 454 ti Chevrolet, òmìrán gidi, kò béèrè ju bí 614 lọ ní 5,500.

Mo yọ 750 náà, mo ra kábúrétọ̀ Edelbrock 1404 tó jẹ́ 500, a dè é, a tún un ṣe, ọkọ̀ sì ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n. Èéfín dúdú ti dáwọ́ dúró, àwọn púlọ́ọ̀gì tó kún fún èédú tẹ́lẹ̀ sì ti ní àwọ̀ ilẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ẹ̀rù agbára ló ń bà mí. Ẹni tó ní ọkọ̀ fífúyẹ́ oníjíà ọwọ́, tó sì ń fi í sáré ìje, lè lo oní-pọ́ǹpù méjì. Ṣùgbọ́n fún ọkọ̀ ọtọmátíìkì tó ń gbé ènìyàn lọ sọ́jà, èyí tí ihò ẹ̀yìn rẹ̀ ń dúró de ìfà ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ló yẹ. Bẹ́ẹ̀ ni kábúrétọ̀ Holley 0-1850 tó jẹ́ 600 rí. Ti Edelbrock náà ní ewé irin kan tó ń dènà lókè ihò ẹ̀yìn títí afẹ́fẹ́ yóò fi tó láti ṣí i. Síbẹ̀, ìwọ̀n ni kókó. Epo tó pọ̀ jù máa ń fọ ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà, owó epo sì ti kúrò ní kékeré láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ṣùgbọ́n kábúrétọ̀ tó tóbi jù ló ń fa epo àpọ̀jù náà.

Kí ẹ tó de kábúrétọ̀ tuntun, ẹ fi gééjì wọn agbára tí pọ́ǹpù epo fi ń tì í wá. Ti Edelbrock kò gbọdọ̀ ju 6.5 psi lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, epo yóò máa kún un ni. Ẹ fi ohun tí kì í gba ooru kọjá sáàárín kábúrétọ̀ àti ẹ́ńjìnì, nítorí oòrùn ọ̀sán máa ń mú kí epo hó nínú rẹ̀ bí ọkọ̀ bá dúró. Ẹ sì ra gásíkẹ́ẹ̀tì àti àwọn ohun àtúnṣe rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ti Toyota ló kún Ládípọ̀, ọjà ohun èlò ọkọ̀ ní Èkó.