Ta ló pè é ní ojo?

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, Ilé-Ifẹ̀.

Lẹ́yìn àsàlátù, mo yà kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Àkàràbàtà. Ọmọ wọn tó ń gun ọ̀kadà ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà, ètè rẹ̀ wú, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. Ìjà èrò ni, láàárín òun àti ọlọ́kadà mìíràn. Ó ní òun máa kó àwọn ọ̀rẹ́ òun lọ bá a lálẹ́, pé ọkùnrin tí wọ́n nà tí kò nà padà, ojo ni.

Ẹ̀gbọ́n mi kò wí nǹkan kan. Wọ́n kàn nawọ́ sí ilé ẹ̀yìnkùlé tí iná jó nígbà ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1997. Ìbẹ́pẹ ti hù nínú yàrá.

Mo wá sọ̀rọ̀ Abdul Ghaffar Khan fún ọmọ náà. Mùsùlùmí bíi tiwa ni, láàárín àwọn Pashtun, ẹ̀yà kan tó wà ní Pakistan àti Afghanistan lónìí, níbi tí ẹ̀san ti jẹ́ iyì ìdílé. Ní 1929 ó dá ẹgbẹ́ Khudai Khidmatgar sílẹ̀, àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Wọ́n búra pé àwọn ò ní hùwà ipá, àwọn ò sì ní gbẹ̀san. Lọ́jọ́ 23 oṣù kẹrin 1930, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tó ń ṣàkóso ilẹ̀ wọn nígbà náà, mú un. Àwọn èèyàn tú síta ní ìlú Peshawar láìmú ohun ìjà dání, àwọn ọmọ ogun sì yìnbọn pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn ṣọ́jà Garhwal kan, ọmọ Íńdíà nínú ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀, wọn ò yìnbọn; wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n.

Ta ló máa pe irú àwọn wọ̀nyẹn ní ojo?

"Àǹtí, kí ni wọ́n wá rí gbà ńbẹ̀?"

Mi ò parọ́ fún un. Khan ṣẹ̀wọ̀n ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó tún ṣe é lọ́wọ́ ìjọba Pakistan. Àmọ́ èmi ò fi èrè wọn ọ̀rọ̀ yìí rárá. Nínú Al-Kùránì, Sura Al-Maida, ẹsẹ 28, Hábílù ọmọ Ádámù sọ fún arákùnrin rẹ̀ pé bó bá na ọwọ́ láti pa òun, òun ò ní na ọwọ́ padà láti pa á, torí òun bẹ̀rù Allāhu. Ìbẹ̀rù Ọlọ́run ló dì í lọ́wọ́ mú. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn, pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi.

Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní kò burú, ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ alága wọn ní gáréèjì. Èmi àti ìyá rẹ̀ la máa bá a lọ láàárọ̀ ọ̀la.