Oníbàárà Ló Ń Yan

Ọjọ́bọ̀. Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí, ọjà ò sì yá rárá ní Gbági lónìí. Nígbà tó di aago méjì, mo ní kí ọmọbìnrin tó ń bá mi tajà dúró ti ìsọ̀, mo wọ mìkírà lọ sí Ìwó Róòdù, mo tún wọ òmíràn dé Bódìjà. Ẹ̀ẹ̀kẹfà mi nìyí lọ́dọ̀ káńsẹ́lọ̀, olùdámọ̀ràn tí mò ń bá sọ ìdààmú ọkàn mi. Báńkì ni ọmọ náà rò pé mò ń lọ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní láti kọ́kọ́ padà sí ọjọ́ àkọ́kọ́, torí ìbínú ni mo bá kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Àbúrò mi ọkùnrin kú nínú oṣù Agẹmọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni ọdún 41 péré. Láti ìgbà náà, tó bá ti di aago mẹ́ta òru, oorun ti lọ lójú mi nìyẹn. Màá máa wọn aṣọ fún èèyàn, màá gbàgbé iye yáàdì tí mo ti wọ̀n. Àwọn ará ilé gbìyànjú, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Pásítọ̀ ní kí n máa dúpẹ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní kí n mọ́kàn, pé àwọn ọmọ ń wojú mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ náà ni kò kàn wọlé.

Nígbà tí mo wá dé iwájú káńsẹ́lọ̀, obìnrin tí mo fi ọdún púpọ̀ jù lọ, mo to gbogbo rẹ̀ kalẹ̀, mo ní, "Ó dáa, kí ni kí n ṣe?" Ó wò mí. Ó ní, "Nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ yìí, èwo ló wù yín ká dúró tì lónìí?" Mo ní ṣé èmi ló yẹ kó mọ̀yẹn ni? Ó ní èmi ni mò ń gbé inú ọ̀rọ̀ náà, pé òun ò lè sáré ṣíwájú mi nínú ilé mi. Mo padà sí Gbági, inú ń bí mi. Mo sanwó, wọn ò gbà mí nímọ̀ràn. Ẹni tí à ń pè ní olùdámọ̀ràn, ṣé kò yẹ kó dá ìmọ̀ràn ni?

Ohun tó mú mi padà ni ìbéèrè kékeré kan tó bi mí kí n tó jókòó lọ́jọ́ yẹn: "Orúkọ wo lẹ fẹ́ kí n máa pè yín?" Ìyá Tòmíwá ni mí lọ́jà, Mọ́mì nílé. Mi ò mọ èsì tí màá fọ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni ìbéèrè yẹn fi ń ró sí mi létí. Nígbà tí mo padà lọ, mo ní kó máa pè mí ní Àbẹ̀kẹ́. Bí mo ṣe dárúkọ náà ni ẹkún gbọ̀n mí, torí ẹnì kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù láyé tó ń fi oríkì pè mí la sin nínú oṣù Agẹmọ. Kò ní kí n má sunkún. Ó sún tíṣù sí ibi tọ́wọ́ mi á tó o, ó sì jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tó yá, ó sọ òótọ́ kan fún mi: ó ní ẹnu òun wúwo láti fi oríkì pe ẹni tó ju òun lọ, àmọ́ òun á gbìyànjú. "Ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀kẹ́." Ibi tí a bá a dé nìyẹn, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Ìdí tí mo ṣì fi ń fi báńkì bojú ni pé ládùúgbò wa, bí o bá ti ní ò ń lọ bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ nípa ọkàn rẹ, Aro, ilé ìtọ́jú àrùn ọpọlọ, ni wọ́n á ní wọ́n ń gbé ẹ lọ. Ó ń dùn mí pé orúkọ yẹn la wá fi ń ṣépè. Ní 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn tó ń tọ́jú ní Aro, l'Abẹ́òkúta, wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí. Ẹbí aláìsàn á bá a wá, á gba ìtọ́jú, á sì máa gbé láàárín èèyàn bí ẹlòmíràn. Ọkùnrin yìí kan náà ló di gíwá Yunifásítì Ìbàdàn níbí ní 1968. Kí ló wá ń tì wá lójú níbẹ̀?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo bi káńsẹ́lọ̀ pé ta ló kọ́ ọ níṣẹ́ tí wọ́n kì í ti í pàṣẹ fúnni. Ó sọ fún mi nípa Carl Rogers, onímọ̀ nípa ọkàn èèyàn, ará Amẹ́ríkà tó kú ní 1987. Aláìsàn ni wọ́n máa ń pe ẹni tí ìdààmú ọkàn bá nígbà náà, dókítà ló sì mọ ohun tó ń ṣe é. Nínú ìwé tí Rogers gbé jáde ní 1942, oníbàárà ló pè é. Mo ní kó tún un sọ. Oníbàárà? Kọ́sítọ́mà? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ibẹ̀ ló ti yé mi, torí bí nǹkan kan bá wà tí mo mọ̀ láyé yìí, kọ́sítọ́mà ni. Ọdún 22 ni mo ti ń ta aṣọ. Obìnrin kan á wọlé, á ní òun fẹ́ aṣọ ìnáwó, kò sì mọ èyí tó fẹ́. Tí mo bá fẹ́ tètè tà, màá fa léèsì tó wọ́n jù yọ, màá ní èyí ló bá àwọ̀ rẹ̀ mu. Á rà á, kò ní wọ̀ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, a ò sì ní rí i mọ́. Ìyá tó kọ́ mi lọ́jà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Á tú aṣọ sílẹ̀, á sún sẹ́yìn, á máa wo ọwọ́ obìnrin náà. Ẹnu rẹ̀ á ní búlúù ni òun fẹ́, ọwọ́ rẹ̀ á tún máa padà sórí èyí tó láwọ̀ ewé. Ìyá á wá rọra ní, "Ẹ ti fọwọ́ kan èyí lẹ́ẹ̀mẹta o." Kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń wò wá lókèèrè á rò pé ìyá náà kàn jókòó lásán ni, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe.

Ohun tí káńsẹ́lọ̀ ṣe fún mi lónìí gan-an nìyẹn. Mò ń ròyìn àbúrò mi, bó ṣe láàánú tó, bó ṣe ń san owó iléèwé ọmọ olọ́mọ. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀kẹ́, mo kíyè sí i pé ẹ ti dárúkọ ilé Òjé lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ sì ń yára kúrò níbẹ̀. Tí ò bá wù yín ká débẹ̀, a ò ní débẹ̀." Ó dákẹ́. Òjò ń lu páànù. Ó pẹ́ gan-an.

Mo sọ ọ́. Mo ní oṣù mẹ́jọ la fi yodì kó tó kú, lórí owó ìsọ̀ ilé bàbá wa l'Òjé. Ó ń gba owó náà lẹ́yìn mi, ó sì pè mí ní ọ̀kánjúwà lójú àwọn ayálégbé. Mo ní inú ń bí mi sí i, inú ṣì ń bí mi sí i títí di bí mo ṣe jókòó yìí, ó sì ti wà nínú ilẹ̀, mi ò rí ẹni bá jà. Nílé wa, wọn kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa. Mò ń ṣọ́ ojú rẹ̀ bóyá á yí padà. Kò yí padà. Ó ní, "Ẹ fẹ́ràn rẹ̀, ó ṣẹ̀ yín, kò sì dúró kẹ́ ẹ parí ìjà."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo tún un sọ, bẹ́ẹ̀ ni. Kò ní kí n dárí jì í. Ká ní ó sọ bẹ́ẹ̀ ni, mi ò bá dìde kí n máa lọ, mi ò bá sì má padà wá mọ́. Ó ní Rogers kọ ọ́ ní 1957 pé káńsẹ́lọ̀ ò gbọdọ̀ ṣe ojú ayé fún oníbàárà, kó gbà á tọkàntọkàn láìfi àdéhùn kankan sí i, kó sì fi ojú ẹni náà wo ọ̀rọ̀ náà, síbẹ̀ kó má gbàgbé pé ojú ẹlòmíràn ló yá lò. Ọ̀rọ̀ ìwé lè jọ ohun tó rọrùn. Èmi tí mo jókòó níwájú rẹ̀ lónìí mọ̀ pé kò rọrùn, torí ìyá mi pàápàá ò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu mi kó má pa mí lẹ́nu mọ́.

Nígbà tí mo padà dé ìsọ̀, ọmọ náà ń ká aṣọ. Ó bi mí bóyá èrò pọ̀ ní báńkì. Mo ní kì í ṣe báńkì ni mo lọ, pé màá sọ fún un tó bá yá. Ó ní kò burú, Mà, ó sì ń ká aṣọ rẹ̀ lọ.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo fẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí àbúrò mi gba kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ lọ́wọ́ mi.