Bí a ṣe ń ka iye owó ṣíà àtẹ̀yìnwá kí nọ́ńbà má baà ṣì wá lọ́nà

Bí ẹ bá ṣí iye owó ṣíà Apple lórí Yahoo Finance, tí ẹ fà á padà sí 12 December 1980, ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà kọ́kọ́ wọ ọjà, ẹ ó rí i pé iye tó wà níbẹ̀ kò tó sẹ́ǹtì mẹ́rìnlá. Kò sẹ́ni tó ra Apple ní iye yẹn lọ́jọ́ náà. Dọ́là 22 ni wọ́n tà á fún àwọn tó kọ́kọ́ gbà á, dọ́là 28.75 ló sì fi parí ọjọ́ náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Apple ti pín ṣíà rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ nígbà márùn-ún: ẹyọ kan di méjì ní 1987, ní 2000 àti ní 2005, ẹyọ kan di méje ní 2014, ẹyọ kan di mẹ́rin ní 2020. 2 × 2 × 2 × 7 × 4 jẹ́ 224. Ẹni tó ra ẹyọ kan ní 1980 tí kò tà á ti ní 224 lọ́wọ́ báyìí, nítorí náà tábìlì Yahoo pín 28.75 sí ọ̀nà 224, ó sì gbé 0.128 jáde.

Iye àtijọ́ tí ẹ bá rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí kì í sábà jẹ́ iye tí ẹnikẹ́ni san. Wọ́n ti tún un ṣe. Kí èèyàn tó fi irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ṣe ìpinnu lórí owó rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n tún ṣe àti ohun tí wọ́n fi sílẹ̀.

Lórí Yahoo, òpó Close, ìyẹn iye tí ṣíà fi parí ọjọ́, ti gba àtúnṣe fún pípín ṣíà, kò gba ti dífídẹ́ǹdì, èrè tí ilé-iṣẹ́ ń pín fún àwọn tó ní ṣíà rẹ̀. Òpó Adj Close gba méjèèjì. GOOGLEFINANCE inú Google Sheets náà ń tún ti pípín ṣe, kì í ka dífídẹ́ǹdì mọ́ ọn. Ẹ kọ =GOOGLEFINANCE("NASDAQ:AAPL","close",DATE(2020,8,24),DATE(2020,9,4),"DAILY") sínú àpótí kan, ẹ kò ní rí 499 níbẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, dọ́là 499.23 ni Apple fi parí ọjà ní 28 August 2020. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, 31 August, ni ẹyọ kan di mẹ́rin lọ́jà, ó sì parí ní 129.04. Nínú tábìlì tí wọn kò tún ṣe, ṣe ló máa dà bíi pé 74% bá omi lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ṣíà náà gbé 3.4% sókè, nítorí 499.23 tí a pín sí mẹ́rin jẹ́ 124.81. Iye ẹyọ tí wọ́n tà lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan náà gbọ́dọ̀ gba àtúnṣe, àmọ́ òdìkejì ni tiẹ̀: ìlọ́po mẹ́rin ni.

Ti dífídẹ́ǹdì ló máa ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Ká ní ṣíà kan parí ọjà ní ₦50, tí ẹni tó bá rà á lọ́jọ́ kejì kò sì ní ẹ̀tọ́ mọ́ sí ₦2 tí ilé-iṣẹ́ fẹ́ pín. 2 tí a pín sí 50 jẹ́ 0.04. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 1, ó ku 0.96. Gbogbo iye tó wà ṣáájú ọjọ́ náà, títí dé ìbẹ̀rẹ̀, ni wọ́n á sọ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.96. Lọ́dún tó ń bọ̀, dífídẹ́ǹdì mìíràn dé, wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Adj Close ti ọdún 2015 tí ẹ gbà sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá kò fi ní bá èyí tí ẹ rí lónìí mu. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Àṣìṣe ni kí èèyàn lẹ apá tó gbà lónìí mọ́ èyí tó gbà ní ọdún méjì sẹ́yìn, torí ojú ìsopọ̀ náà á fò sókè tàbí já wálẹ̀ lọ́nà tí kò ṣẹlẹ̀ lọ́jà rí. Ẹ gba gbogbo rẹ̀ lákọ̀tun nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ fi kún un.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ èrè tí ẹni tó di ṣíà náà mú ì bá ti jẹ, Adj Close ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó wọ́n nígbà náà, ìyẹn kí ẹ pín iye rẹ̀ sí èrè ilé-iṣẹ́ lórí ẹyọ kan, Adj Close á tàn yín jẹ, torí ó ti fa iye náà wálẹ̀ ju bó ṣe rí gan-an lọ. Close ni kí ẹ mú, kí ẹ sì rí i pé èrè orí ẹyọ kan náà ti gba àtúnṣe pípín. Tó bá di ọ̀rọ̀ iye tí ẹ̀yin fúnra yín fi rà á, contract note tí alágbàtà fún yín ni ẹ̀rí, kì í ṣe tábìlì kankan.

Ní Èkó, iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ọjọ́ ẹ̀tọ́, ọjọ́ tí wọ́n fi ń mọ ẹni tí dífídẹ́ǹdì tọ́ sí, bá kọjá, NGX, ọjà ṣíà Nàìjíríà, fúnra rẹ̀ máa ń yọ dífídẹ́ǹdì kúrò lára iye ṣíà, ó sì máa ń tẹ̀ ẹ́ sínú ìròyìn ọ̀sẹ̀ rẹ̀: iye tí ṣíà fi parí, iye dífídẹ́ǹdì, iye tuntun. Nítorí náà, bí ìlà bá já wálẹ̀ lójijì ní March tàbí April, ẹ kọ́kọ́ wo ìròyìn yẹn kí ẹ tó sọ pé àwọn èèyàn ń sá. Bí ẹ bá sì ń ṣírò ohun tó wọ ọwọ́ yín, ẹ rántí pé wọ́n á ti yọ 10% owó orí: nínú ₦2, ₦1.80 ló ń dé.

Bónọ́ọ̀sì, ìyẹn ṣíà ọ̀fẹ́ tí ilé-iṣẹ́ ń fún àwọn tó ti ní ṣíà rẹ̀, rọrùn. Ẹyọ kan lórí mẹ́rin túmọ̀ sí pé mẹ́rin di márùn-ún, nítorí náà iye àtẹ̀yìnwá á di ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún: ₦30 di ₦24. Rights issue, ìyẹn ṣíà tuntun tí ilé-iṣẹ́ ń fi lọ àwọn tó ti ní ṣíà rẹ̀ kí wọ́n fowó rà á, ló gba àròjinlẹ̀, ó sì ti wọ́pọ̀ láti ìgbà tí CBN ti pàṣẹ ní March 2024 pé kí àwọn báǹkì fi kún owó ìdásílẹ̀ wọn, ₦500 bílíọ̀nù fún èyí tó bá ń ṣòwò kárí ayé. Ká ní ṣíà wà ní ₦30, tí wọ́n sì fún yín láǹfààní láti ra ẹyọ kan lórí méjì ní ₦18. Ẹyọ méjì jẹ́ ₦60, ẹ fi ₦18 kún un, ó di ₦78 fún ẹyọ mẹ́ta, ìyẹn ₦26 ẹyọ kan. 26 tí a pín sí 30 jẹ́ 0.867; òun ni ẹ ó fi sọ gbogbo iye ìṣáájú di púpọ̀. Ẹni tí kò bá ṣe èyí á máa rò pé ìṣòro dé bá báǹkì náà.

Ohun kejì tó yàtọ̀ ní Èkó ni òfin tó so iye mọ́lẹ̀. Ṣíà kò gbọ́dọ̀ gòkè tàbí já ju 10% lọ lọ́jọ́ kan. Bí ìròyìn burúkú tó yẹ kó gé 40% bá dé, ọjọ́ márùn-ún ni yóò fi já, nítorí 0.9 × 0.9 × 0.9 × 0.9 × 0.9 jẹ́ 0.59. Láàárín ọjọ́ márùn-ún yẹn, àwọn tó fẹ́ tà á tò síta, kò sí olùrà. Iye wà nínú ìwé, ẹnikẹ́ni kò lè tà á ní iye náà. Èyí tó burú jù nínú ìtàn ọjà wa ni ti August 2008, nígbà tí wọ́n ní ṣíà kò gbọ́dọ̀ já ju 1% lọ lójúmọ́, ṣùgbọ́n ó lè gòkè dé 5%. Ó di ìparí October kí wọ́n tó fi méjèèjì sí 5%. Bí ẹ bá fi iye ìgbà yẹn ṣírò bí ṣíà ṣe ń mì, ẹ ó rí ìlà tó ń rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni pé ìfọ̀kànbalẹ̀ wà. Kò sí ìfọ̀kànbalẹ̀ kankan. Ìlẹ̀kùn ni wọ́n tì. Nítorí náà ẹ má ṣe ka iye láìka iye ẹyọ tí wọ́n tà mọ́ ọn. Bí ẹyọ tí wọ́n tà bá kéré jù, kì í yí iye ìparí padà lórí NGX, ṣíà mìíràn sì lè dúró lójú kan fún oṣù púpọ̀ torí pé kò sẹ́ni tó ń rà á. Irú ìlà gbọọrọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àmì agbára.

Ẹ wo àwọn tó ti kúrò nínú tábìlì náà. Bí ẹ bá kó àwọn báǹkì tó wà lórí NGX lónìí jọ, tí ẹ ṣírò èrè wọn láti 2007, àbájáde á dùn ju òótọ́ lọ, torí Afribank, Bank PHB àti Spring Bank kò sí níbẹ̀ mọ́. CBN gba ìwé àṣẹ wọn ní August 2011, owó àwọn tó ní ṣíà wọn sì di òfo. Diamond Bank kò di òfo: nígbà tó wọ inú Access ní 2019, ₦1 lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ṣíà Access méjì fún méje tí èèyàn ní ni wọ́n san. Ẹni tó bá fẹ́ ìtàn tó pé gbọ́dọ̀ so ó pọ̀ bẹ́ẹ̀. GTBank náà di GTCO ní 2021, ẹyọ kan fún ẹyọ kan, nítorí náà bí ìtàn GTCO bá bẹ̀rẹ̀ ní 2021 lórí ojú ewé kan, orúkọ tó ń jẹ́ lọ́jà ṣíà tẹ́lẹ̀, GUARANTY, ni kí ẹ fi wá ìyókù.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó bọ́ sí ìṣirò. Ìdàgbàsókè lọ́dún kan: bí ₦20 bá di ₦60 ní ọdún mẹ́jọ, ẹ kọ =(60/20)^(1/8)-1, ó jẹ́ 14.7%. Ẹ má ṣe pín 200% sí mẹ́jọ kí ẹ sọ pé 25% ni. Ẹ tún ṣírò ibi tó jìn jù tó já sí láti orí òkè. Ìwọ̀n gbogbo ọjà Nàìjíríà, All-Share Index, dé 66,371 ní March 2008. Ní ìparí March 2009 kò tó 20,000 mọ́. Ó di 2023 kó tó padà síbẹ̀, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò rẹ̀ ní 2009 àti ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008 á sọ ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nípa ọjà kan náà.

Ẹ̀yin tó wà lókè òkun, tí dọ́là tàbí pọ́n-ùn ni ẹ ń fi ránṣẹ́, ẹ yí i padà kí inú yín tó dùn. Ní 2023, All-Share Index gòkè 45.9% ní náírà. Lọ́dún kan náà, dọ́là kan kúrò ní nǹkan bíi ₦461 ó dé ₦907 lọ́jà ìjọba. 1.459 × 461 ÷ 907 jẹ́ 0.74: àdánù 26% ni ní dọ́là.

Nínú Excel, ọjọ́ ló sábà máa ń da iṣẹ́ rú. 03/04/2020 jẹ́ April fún wa, March fún Amẹ́ríkà, Excel á sì yàn fúnra rẹ̀ láìbi yín. Ẹ sọ gbogbo ọjọ́ di 2020-04-03 kí ẹ tó to ohunkóhun. Bí ẹ bá fi ṣíà Èkó wé ti New York, ọjọ́ Iléyá àti Thanksgiving kò ní bára mu. Ẹ yọ ọjọ́ tí ọ̀kan nínú méjèèjì kò ṣí, ẹ má fi 0 sí i. Níkẹyìn, ẹ ṣí ìjábọ̀ ọdọọdún ilé-iṣẹ́ náà. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ojú ewé kan tó to ìtàn owó ìdásílẹ̀, tí gbogbo bónọ́ọ̀sì àti rights issue wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọdún wọn. Ẹ mú tábìlì yín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ọdún tí bónọ́ọ̀sì bá wà nínú ìjábọ̀ tí ìlà yín já wálẹ̀ bí òkúta lọ́jọ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni àtúnṣe kò tíì dé.