Láti Èbúté Mẹ́ta dé Mòníyà

Láti ìgbà tí ilé ìwé ti gba ìsinmi ni Àkànní, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ti ń yọ mí lẹ́nu pé òun fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin. Ìyá mi gbọ́, òun náà ní ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí òun ti fojú kan Ìbàdàn. Bí àwa mẹ́ta ṣe jí lọ sí Èbúté Mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé nìyẹn, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Mọ́bọ́lájí Johnson pè, ọ̀gágun tó kọ́kọ́ jẹ gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó lọ́dún 1967.

Kí a tó wọlé, ìyá mi ra búrẹ́dì Agége, ó ṣì gbóná débi pé inú ọ̀rá tí wọ́n fi wé e ti làágùn. Mo bi Àkànní pé ta ló sọ búrẹ́dì di ọjà ńlá l'Ékòó. Ó ní òyìnbó ni. Rárá o! Amos Shackleford ni, ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa. Iṣẹ́ rélùwéè gan-an ló gbé e dé Nàìjíríà lọ́dún 1913. Nígbà tó di 1921, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe búrẹ́dì ní Èbúté Mẹ́ta yìí kan náà. Mo fi ìdùnnú jẹ tèmi níbẹ̀.

Ọkọ̀ gbéra. A ò tíì kúrò ní Agége tí ìyá mi fi ké pé, "Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò. Kí ni o?"

"Ẹ̀wà ni, màmá àgbà! Ojú dúdú ara rẹ̀ ni tìróò."

"O káre. Òkun ń hó yeè, ọ̀sà ń hó yeè, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́."

Àkànní wo ìta lójú fèrèsé. "Ẹja?" Rárá. "Apẹja?" Rárá. "Máa rò ó lọ," ni ìyá mi wí, ó bá já búrẹ́dì sẹ́nu.

Ní Papalanto, orúkọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ló wà lára ibùdókọ̀. Mo ṣàlàyé fún Àkànní bí ìyá yìí ṣe kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ láti kọ owó orí, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè ní oṣù kìíní ọdún 1949. Ọmọ Ẹ̀gbá ni ìyá mi, ó na ọrùn, ó ní, "Àwọn ọlọ́jà ló ṣe é."

Ìlú rẹ̀ la kàn. Lọ́dún 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá kúrò ní sàkáání Ìbàdàn wá sábẹ́ òkúta Olúmọ, orúkọ ìlú sì sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ọ̀nà tí wọ́n fẹsẹ̀ sá gbà wá ni àwa wá jókòó sórí tìmùtìmù gbà padà.

A sọ̀ ní Mòníyà, a wọ takisí lọ sí Mápó, níbi gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929. Páànù tó ti dípẹtà tẹ́ rẹrẹ lábẹ́ wa. Ẹ̀bá Ọ̀dàn ni wọ́n ní orúkọ Ìbàdàn ti wá, létí ibi tí igbó ti pàdé pápá. Ṣùgbọ́n oríkì ìlú náà ló máa ń mú mi lọ́kàn jù: "Ìbàdàn, ọmọ ajòro sùn, ọmọ ajẹ̀gbín yó, ọmọ afìkarahun fọ́rí mu." Àwọn àgbà ní nígbà tí ogun tú ìlú àkọ́kọ́, Lágelú tó tẹ Ìbàdàn dó àtàwọn ọmọ rẹ̀ sá gun orí òkè. Èso òro ni wọ́n ń jẹ sùn, ìgbín ni ẹran wọn, ìkarahun rẹ̀ náà ni wọ́n fi ń fọ́ ẹ̀kọ mu. Ìlú mìíràn ì bá fi irú ebi bẹ́ẹ̀ pamọ́. Ìbàdàn ń kì í fún ọmọ wọn láàárọ̀. Mo sọ fún ìyá mi pé mi ò mọ oríkì tó wù mí tó o.

"Ẹni tó bá la irú ọjọ́ yẹn já," ló dá mi lóhùn, "ó yẹ kó wí i."

Ebi ti ń pa wá. Ní bùkátéríà kan nítòsí Ọjà'ba, a jókòó ti ibi ìdáná. Omi ń hó nínú ìkòkò ńlá. Obìnrin náà da èlùbọ́ sí i, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì di ìkòkò mú, ó ti igi bọ̀ ọ́, ó ń rò ó, ó ń fún un mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò kí ó má baà ní kókó. Èlùbọ́ ràkọ̀ràkọ̀ yẹn ń dúdú lójú wa.

Àkànní gbá mi nítan. "Òun nìyẹn! Òun ló torí bọ òkun!" Ó yíjú sí obìnrin náà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ̀ ń pe igi yẹn?"

"Ọmọrogùn," ló dáhùn láì gbójú sókè.

"Ọmọrogùn," ni Àkànní tún un pè, ó sì sáré lọ sọ fún ìyá mi tó ń fọwọ́ lẹ́yìn.